Àwẹ̀ró, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìkòkò Àgbàdo Tuntun

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi bọ́ sílẹ̀ pàrà, ó yí gbirigbiri. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dúró ní gbàgede, ó di ẹ̀yìn ààrò, ó di orí ìyàwó tuntun kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

"Kí ló ṣe é, Ìyá Àgbà?"

Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti èèyàn ṣì ń gbé agboolé kan náà, ìyàn mú ní abúlé kan. Iṣu tán nínú abà. Ẹ̀gẹ́ tán. Àgbàdo tuntun ti gbó lóko, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àṣà wọn ni pé ìyàwó tó dé kẹ́yìn ló máa se ìkòkò àkọ́kọ́, Baálé ló sì máa kọ́kọ́ gé e jẹ. Bí Baálé kò bá tíì jẹ ẹ́, kò sí ọmọ, kò sí àgbà, kò sí ewúrẹ́ tó gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá sì wọ̀ kó tó jẹ ẹ́, ó di ìgbà tí oṣù tuntun bá lé.

"Ebi á ti pa wọ́n kú!"

Ẹ̀yin náà rí i.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó tó dé kẹ́yìn. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Látúndé, gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo síwájú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ọwọ́ ẹ la wà o."

Àwẹ̀ró wo apẹ̀rẹ̀ náà. Ní ìlú tiwọn, sísun ni wọ́n ń sun àgbàdo. Kò rí ẹni tó sè é rí. Ojú sì ń tì í láti bèèrè. Wọn ò ha ní sọ pé ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ? Ó jókòó, ó dìde. Ó bu omi, ó dà á nù, ó tún bu òmíràn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń wò ó láti orí àjà. "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Ẹni tó o bá bá nínú ilé yẹn, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ ni." Ó sì bá Ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀.

"Ọkọ mi Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń se àgbàdo níbí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù nu ẹnu. "Ìyẹn ò le. Bó èèpo òde, fi ti inú sílẹ̀ lára rẹ̀. Fa irun orí rẹ̀ dànù. Tẹ́ èèpo tó o bó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, to àgbàdo lé e, bu omi kó mù ún, kó o tún fi èèpo bò ó lórí. Dé e pa, kó o koná mọ́ ọn."

Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀! Òpùrọ́ tó bá gbọ́n, òótọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ.

Omi ò tíì hó tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀. Ó fò síhìn-ín, ó fò sọ́hùn-ún. "Wọn kì í se àgbàdo láìtọ́ ọ wò níbí o. Àbí o fẹ́ kí eyín Baálé kán?" Ló bá dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyàwó, ó ti jinná?

"Tẹ́rẹ́ńtẹ́, ṣí i wò!"

Ó ti rọ̀ bí, kò tíì rọ̀?

"Tẹ́rẹ́ńtẹ́, tọ́ ọ wò!"

Àwẹ̀ró ṣí i, ó mú ọ̀kan fún un. Ọ̀kẹ́rẹ́ rún un wàràwàrà. "Ó kù díẹ̀. Dé e."

Ìyá Látúndé ké láti òde: "Ìyàwó wa, ṣé ó ti ń jinná?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá mi!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún dárin. Àwẹ̀ró tún ṣí i. Ooru jáde, àgbàdo jáde. "Ó kù díẹ̀." Ewúrẹ́ yọrí lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó, ṣé a ó jẹun lónìí, àbí kí n kúkú jẹ ìró tó o sá sóòrùn?" Àwẹ̀ró sáré wo ojú ọ̀run, ó sáré padà sídìí iná. Orin ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣí i. Ó tún ṣí i.

"Áà, Àwẹ̀ró! Má ṣí i mọ́!"

Ẹ bá mi sọ fún un. Nígbà tó wo inú ìkòkò, ó rí èèpo, ó rí omi, ó rí àgbàdo ẹyọ kan ṣoṣo.

Ikùn Ọ̀kẹ́rẹ́ ti yọ bí agbè. "Mú ìyẹn náà wá ká tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró ní, "Ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú. Èyí, Baálé ló ni ín."

"O ń bá ọkọ rẹ jiyàn?"

"N kò jiyàn. N kò kàn ní í ṣí i ni."

Ó dé ìkòkò, ó gbé ọmọ ọlọ lé e lórí, ó dúró tì í. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọwọ́ ń yún Àwẹ̀ró, kò ṣí i. Kò pẹ́ ni òórùn dídùn kan jáde, ó gba gbàgede kọjá, ó bá Baálé lórí ẹní.

Àwẹ̀ró gbé àwo wọlé. Ariwo sọ. "Ẹyọ kan? Nínú apẹ̀rẹ̀ kíkún?"

Ìyá Látúndé káwọ́ lérí. "Ìyàwó, ta ló jẹ ìyókù?"

"Ìyá mi, n kò mọ àgbàdo sè, ojú sì tì mí láti bi yín. Ọkọ mi Eyínfúnjowó ló kọ́ mi, òun náà ló ń tọ́ ọ wò." Ó nawọ́ sí àjà.

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. "Ọ̀kẹ́rẹ́ lọkọ! Kí wá ni tèmi, tí wọ́n bí sílé yìí?"

Baálé kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti kan orí igi. Ó bó èèpo, ó gé àgbàdo náà jẹ, gbogbo ojú wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ó jinná. Àìjinná ni Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ, èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ èyí tó jinná. Àṣà ní kí n jẹ àgbàdo. Kò ní kí n jẹ apẹ̀rẹ̀. Oko ti ṣí o!"

Gìrìgìrì ni abúlé dà sóko. Ìyá Látúndé fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́: "Máa bọ̀, ìwọ ọlọ́kọ púpọ̀. Iwájú ni wàá wà."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sá gun igi lọ. Àgbàdo àìjinná ń rọ́ nínú rẹ̀ kùù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jókòó sójú kan títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ bi àgbà léèrè. Ìtìjú kì í se oúnjẹ jinná. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fúnni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó sọ pé rárá.

Àlọ́ mi ti hó, mo sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, kó ró: pó, pó, pó!

"Ó ró, Ìyá Àgbà!"