Àmù Omi Tó Wà Lọ́dẹ̀dẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà oko, ní ìlú kan tí omi ti ń dà wálẹ̀ látorí àpáta. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Òun nìkan ló ń sùn, òun nìkan ló ń jí. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó náà tó kú, ó ti gbé àmù omi kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan tì í, gbogbo ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ ló sì máa ń yà síbẹ̀ mumi. Ọkùnrin náà ń pọn omi kún un láràárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ a kún fọ́fọ́.

Ká ní o gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń pariwo níbẹ̀! Ìyá àgbà kan tó ń ta igi ìdáná a sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, a gbé igbá omi sẹ́nu, a ní, "Baálé, omi yín tutù lónìí o. Ṣé ẹ ò fi yìnyín sí i ṣá?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ajíbóyè, àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kì í tètè lọ ní tiẹ̀. Òun àti ọkùnrin náà á máa fira wọn ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ọkùnrin náà fi ń gbé ọjọ́ ró. Bí kò bá sí i ni, ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé yẹn ì bá ti pa á.

Nígbà tó yá, ìjọba la ọ̀nà dé ibi omi tó ń dà látorí àpáta náà, arìnrìn-àjò afẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọ, wọ́n ṣe ìlú náà lóore. Iná mànàmáná dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti fi ìlú sílẹ̀ wá rí iṣẹ́ ṣe nílé, àwọn obìnrin tó ń hun ẹní kò sì wá ẹni tó máa rà á tì mọ́. Èmi ò bá àlejò jà.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan tó ń kọjá lọ rí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ya fọ́tò wọn. Ìyá onígi ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló yọ síta. Ajíbóyè gbé igbá omi sẹ́nu. Fọ́tò náà rìn jìnnà. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wá bi ọkùnrin náà bóyá ó ní yàrá tí wọ́n lè sùn.

Ó kúkú ní i. Kí ló fẹ́ fi yàrá tó ṣófo ṣe? Ó tún ilé ṣe, ó kùn ún, ó tẹ́ táìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, táìlì funfun báláú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ táìlì. Igi ìyá yẹn ń ha ògiri. Ọkùnrin náà kò lé ẹnikẹ́ni o! Ó kàn gbé àmù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Wọ́n ní, "Kò burú, Baálé." Ajíbóyè lọ mumi lẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ odò ni gbogbo wọn ń gbà lọ sílé.

Kò tètè mọ̀ ọ́n lára, nítorí ilé kún. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, ó ń kí wọn káàbọ̀, ó ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Wọ́n lawọ́, wọ́n sì lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, torí kò sẹ́ni tó pẹ́ tó láti bi í. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kálukú wọn á wọ yàrá lọ, á ti ilẹ̀kùn, òun á wá dá jókòó sórí táìlì funfun rẹ̀. Áà, àárò àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ yẹn sọ ọ́! Ó sọ ọ́ gan-an ni.

Ìgbà kan wá dé tí tọkọtaya kan ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n na fọ́tò yẹn sí i. Obìnrin náà ní, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí dà? Nítorí wọn la ṣe wá."

"Wọ́n wà lóko," ló fi dá wọn lóhùn. Wọ́n dúró di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tílẹ̀ tún mọ́, wọ́n tún dúró di ìrọ̀lẹ́. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè wo ojú wọn mọ́.

Ló bá gbéra, ó di ilé Ajíbóyè. Ká ní ó débẹ̀ tó ní, "Àárò yín ń sọ mí," bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Ajíbóyè, ẹ wá máa jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́, kí àwọn àlejò lè máa rí yín. N ó máa sanwó fún yín."

Ajíbóyè kò bínú, ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ sanwó fún mi kí n lè mumi nílé yín?"

Ọkùnrin náà yí padà láti máa lọ. Ajíbóyè ní,

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. A ti ń rí omi mu níbòmíì."

Ajíbóyè sìn ín jáde dé ojú títì, ó kí i pé ó dàbọ̀, bí wọ́n ṣe ń sin àlejò.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà gbé àmù padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó pọn omi tuntun kún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìrọ̀lẹ́ dé. Ó ń gbọ́ ohùn wọn lápá ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ó dá ẹ̀rín ìyá onígi mọ̀ nínú rẹ̀. Tọkọtaya yẹn rí i níbi tó jókòó sí, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n ya fọ́tò òun nìkan. Ó rẹ́rìn-ín fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, ó ṣí àmù wò. Omi inú rẹ̀ kò dín.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, mo ti wo àwòrán ilé ìgbàlejò tó o fẹ́ kọ́ sétí odò yín. O gbìyànjú. Yàrá wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ibi tí wọ́n á ti máa jẹun wà. Kọ́ ọ, ọmọ mi, ìlú yín nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí àwọn tó ń ti oko bọ̀ máa gbà. Ibi tí wọ́n ń gbà báyìí, àárín pálọ̀ rẹ ló bọ́ sí. Àlejò á wá, á sì lọ sílé rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹ̀. Ìwọ lo máa kù síbẹ̀. Torí náà, lọ bá àwọn ará etí odò yín jókòó nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń yà kí ọ, kó o tó gbé búlọ́ọ̀kù kankan lé òmíràn. Lẹ́yìn náà, kó o mú àwòrán yẹn padà wá, kó o wá fi ibi tí àmù máa wà hàn mí.