Ìsun Tí Àwọn Ìyàwó Ń Sọ Lórúkọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ò jẹun lálẹ́ yìí ni? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò yí lu ẹnikẹ́ni àfi ìsun omi kan àti Ọba Adégorítẹ́ ti ìlú Òkè-Ìsun. Fìjàbí, yọ ìka kúrò létí, kí ọ̀rọ̀ lè ráyè wọlé.

Ní ìlú Òkè-Ìsun, omi kan ń sun láti abẹ́ àpáta. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà ò rí i, ìyá mi ló sọ fún mi, ẹ̀rù sì bà mí. Ọ̀gbẹlẹ̀ á dé, ewé á rọ, ilẹ̀ á sán, omi yìí á ṣì máa tú jáde ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Odò mìíràn tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ẹ mọ̀ pé bí ìyàwó bá wọlé ọkọ, kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ àbísọ. Ì báà jẹ́ ọmọ tí ń rákòrò, bó bá ti ṣáájú ìyàwó dé ilé, ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn kan fún un. Ṣebí ìyá yín ló ń pe bàbá yín kékeré ní Ajíṣefínní, ẹni tí kì í fẹ́ wẹ̀! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mi ò ní sọ fún un.

Àwọn ará Òkè-Ìsun ní ọmọ ilé ni ìsun náà, nítorí gbogbo ìyàwó ló bá a nílé. Òwúrọ̀ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ jí nílé ọkọ, yóò gbé igbá, yóò lọ kúnlẹ̀ létí omi, yóò sì sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́nà pè é ní Apòùngbẹ-láìlọ́bẹ. Èyí tó rí ẹwà ara rẹ̀ nínú rẹ̀ pè é ní Jígí-Ọ̀run. Èyí tó bá orogún mẹ́ta nílé, tó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò pọ̀, pè é ní Elétí-gbáròyé. Omi kan náà o! Bí orúkọ tuntun bá sì ti jáde lẹ́nu ìyàwó, omi á fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga sí i, wẹ́rẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó ga sí i! Àwọn tó sìn ín wá á fọwọ́ bo ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ ni Adégorítẹ́ gorí oyè. Ọba yìí fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ ju iyán lọ. Bó bá jí, á pè é. Bó bá ń wẹ̀, á pè é. Lọ́jọ́ kan ó ń kọjá létí ìsun, ó gbọ́ bí àwọn obìnrin ti ń fi ohùn dídùn ké sí omi, ni inú bá bí i.

Ó ní, "Èmi tí mo ni ìlú, ta ló ń fi irú ohùn yìí pè mí?"

Ó rán akéde jáde. Agogo dún, kó-kó-kó. "Ọba ní kí n kí yín o! Láti òní lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni ìsun ń jẹ́. Ìsun Adégorítẹ́! Ẹni tó bá pè é ní òmíràn, yóò kúrò nílùú!"

Ìyá ọba gbọ́, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sáàfin. "Kábíyèsí, ọmọ mi, orúkọ tí ìyàwó sọ ọmọ ilé, ṣé ó ṣeé gbà padà lẹ́nu rẹ̀?"

Ọba ní, "Ìyá, omi kan, orúkọ kan. Kí ló le níbẹ̀?"

Ó le o, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, omi fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fà. Àwọn obìnrin á dé, wọ́n á ní, "Ìsun Adégorítẹ́, a kí ọ o," bí ẹni tí wọ́n fi iṣu gbígbóná sí lẹ́nu. Omi tó ń mu èèyàn dé ọrùn wálẹ̀ dé àyà, ó wálẹ̀ dé orúnkún, ó wálẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ẹnu kò pè mọ́ ló ń kó omi tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ku tó, tó, tó. Ewúrẹ́ ń lá àpáta.

Àsìkò yìí gan-an ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Adéyanjú àbúrò ọba, bí ọmọkùnrin. Omi tí wọn ó fi wẹ ọmọ kò sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara ọmọ gbóná janjan, ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò lè fa ọmú mọ́.

Adéyanjú ní, "Ṣe sùúrù. Àwọn tí mo rán lọ sí odò òkèèrè, ó di ọ̀la kí wọ́n tó dé."

Àwẹ̀ró ní, "Bí ọmọ yìí kò bá rí omi lónìí, kò ní ọ̀la."

Abiyamọ ọjọ́ mẹ́ta kì í jáde. Àwẹ̀ró gbé ọmọ, ó jáde lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e lókèèrè, kò wẹ̀yìn. Ó dé ibi àpáta, ó kúnlẹ̀, ó sì pe ìsun ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ gbè é o:

Lílé: Atunilára, ọmọ ilé mi o,
Ègbè: Dìde wá, omi, dìde wá.
Lílé: Àlejò kékeré dé, ara ń ni ín o,
Ègbè: Dìde wá, omi, dìde wá.
Lílé: Ẹnu ọmọ mi gbẹ, n ò lè dákẹ́ o,
Ègbè: Dìde wá, omi, dìde wá.
Lílé: Bí wọn ó lé mi, kí n kọ́kọ́ wẹ ọmọ o,
Ègbè: Dìde wá, omi, dìde wá.

Wẹ́rẹ́! Omi yọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Àwẹ̀ró kán an sí ọmọ lẹ́nu, ó fi ìyókù pa á lára. Ọmọ ké, "Hìn-ín!" Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́kún. Èmi náà, bí mo bá dé ibí yìí, omi a máa bọ́ lójú mi.

Ọba dé pẹ̀lú àwọn ìlàrí tí ń jíṣẹ́ fún un. "Àwẹ̀ró! Àbí o ò gbọ́ àṣẹ mi?"

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yìí kò tíì tó ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ tiyín bá mi pè é."

Ọba wú fùkẹ̀. Ó ké, "Ìsun Adégorítẹ́!" Omi dáhùn, ẹ má sọ pé kò dáhùn o. Ó fún un ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, bó ti fún Àwẹ̀ró gẹ́lẹ́. Ọba tún pè é. Kò sí nǹkan. Ó pè é lẹ́ẹ̀meje, títí ohùn rẹ̀ fi há. Omi dúró jẹ́ẹ́. Ọba wẹ̀yìn, ó rí gbogbo ìlú pẹ̀lú ètè gbígbẹ, ẹ̀rù sì bà á.

Ó ní, "Háà! Ṣé gbogbo agbára orúkọ mi nìyí?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ yà fún mi." Wọ́n fà á lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síbi omi. "Òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ débí, àárò ìyá mi ń sọ mí, mo ń sunkún. Omi yìí kò ní kí n má sunkún. Mo sọ ọ́ ní Bá-mi-dákẹ́." Omi gòkè. Obìnrin kan ké, "Jígí-Ọ̀run!" Omi gòkè. "Elétí-gbáròyé!" Ó gòkè. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rántí orúkọ tí àwọn ìyá wọn tó ti kú ń pè é, orúkọ tí wọ́n rò pé ó ti wọlẹ̀. Wọ́n pè é, omi sì mọ̀ wọ́n! Ó mọ gbogbo wọn! Gbùùùù, ó ru sókè, ó bo àpáta, ó bo ẹsẹ̀ ọba. Àwọn ará ìlú wólẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè ka orúkọ náà tán, omi kò sì ju ọ̀kan lọ.

Àwẹ̀ró kò bá ẹnikẹ́ni wólẹ̀ o. Ọmọ ló ń wẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ara ọmọ ti dá, ọba sì ti gba àṣẹ rẹ̀ padà. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀, baba sọ orúkọ, ìyá sọ orúkọ, àwọn àgbà sọ tiwọn. Ó wá kan ọba. Adéyanjú tẹrí ba, nítorí gbogbo ilé rò pé àwọn mọ orúkọ tó ń bọ̀. Ọba ti ọwọ́ bọ omi, ó wo ojú ọmọ.

Ó ní, "Adépọ̀ ni mo sọ ọ́. Adé pọ̀. Ọ̀kan péré ni tèmi."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí èkùrọ́ má dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu mi lọ́la, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín mẹ́rin ló kù. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé: ẹ má ṣe gba orúkọ tí ẹlòmíràn fi ìfẹ́ sọ nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó tó gbogbo ayé í mu, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo kò lè pè é tán.