Ẹni Tó Pa Àgbìgbò Kan

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ẹni tó pa àgbìgbò kan, kò mọ iye tó pa." Ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò òwe yìí?

Àwẹ̀ró ń dá gbé abà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Kò bímọ. Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ tí í ṣe ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀, nìkan ló ń yà wò ó. Tí òun náà bá sì ti wọ igbó, ó di ìgbà tó bá jáde.

Àgbìgbò kan, ẹyẹ ńlá alágògó gígùn, ló wá di ará ilé fún un. Inú ihò igi àràbà ẹ̀yìn ilé ni abo rẹ̀ wọ̀ láti yé ẹyin, wọ́n fi amọ̀ dí ihò náà mọ́ ọn, ó ku àlàfo tóóró tí ẹnu lè yọ. Akọ ní í wá èso bọ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ ìró apá rẹ̀, fùù, fùù, á rẹ́rìn-ín.

"Baálé, ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ mú bọ̀ fún wa?"

Lọ́jọ́ kan, ó ti odò dé, ó bá òkú akọ náà lórí ewé lẹ́nu ọ̀nà, àgógó ńlá rẹ̀ dojú sókè. Ọdẹ́gbàmí ló pa á, tó fi í ta ìyá náà lọ́rẹ, ó sì ti kọjá sínú igbó. Àwẹ̀ró ò lè gun igi. Ó so èso ọ̀pọ̀tọ́ mọ́ orí ọ̀pá láti nà án sí abo, ọ̀pá ò tó ihò náà. Abo ń kan amọ̀: kó, kó, kó. Ìró náà ń rẹlẹ̀ lójoojúmọ́, títí ó fi dákẹ́.

Ọdẹ́gbàmí padà dé. "Ìyá, ẹran ọjọ́sí ńkọ́? Àbí egungun lẹ fi dè mí?"

"Ọkọ mi, gun igi yẹn kí o tó jókòó."

"Ṣé oyin ló wà níbẹ̀ ni?"

Ó gùn ún, ó fọ́ amọ̀. Ìyẹ́ apá ìyá ẹyẹ ti re tán, kò lè fò jáde. Ó kú lé ọmọ méjì lórí, àwọn náà ti kú. Ọdẹ́gbàmí sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Mélòó lo pa?"

"Mẹ́rin ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

Àwẹ̀ró gbójú sókè, bí ẹni tó ṣì ń retí ìró apá.

"O ò tíì kà mí mọ́ ọn."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹnìkan ní ibi, tó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni. Ẹni tí o rí yẹn, o ò mọ ẹni tó ń yọ ẹnu dè é nílé.