Oníbodè Tí Kò Fẹ́ Gba Ìpín Kan Náà Pẹ̀lú Agbálẹ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí òjò má rọ̀ sí oko mi. Ó kàn jẹ́ pé n kò ní oko, àti pé ìlú Òkè-Àfọ̀n tí ó ti ṣẹlẹ̀ ti di igbó kí wọ́n tó bí ẹni tí ó sọ ọ́ fún mi. Ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀.

A-wo-àwo-aládùúgbò-gbàgbé-tirẹ̀, ìyá arúgbó, awo ìdí odò, ni ó dífá fún Dáhùnsí, olórí àwọn oníbodè, ní ọjọ́ tí ìlara sọ oúnjẹ di igi lẹ́nu rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, inú àká ọba ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìlú ti ń gba ìpín wọn, iṣu àti àgbàdo, nígbàkúùgbà tí oṣù bá lé. Bí iṣu tuntun bá ti wọlé, olórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a lọ síwájú ọba láti bèèrè ìfikún. Ní èṣí, ọba fi iyọ̀ kún ìpín àwọn oníbodè. Dáhùnsí jó wọlé. Ó ń tọ́ iyọ̀ náà lá bí ọmọ kékeré, títí ó fi gbọ́ pé igbá epo ni wọ́n fi kún ti àwọn agbálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni iyọ̀ kò ti dùn mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, a tẹjú mọ́ àwo.

"Ọbẹ̀ yìí kò pupa."

"Bàbá Fádèyí, ọbẹ̀ tí ẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi nìyí."

"Ti Àwẹ̀ró pupa jù ú lọ."

Kò tọ́ ọbẹ̀ Àwẹ̀ró wò rí. Àwẹ̀ró ni olórí àwọn agbálẹ̀. Bí ó bá ń kọjá ní bodè láàárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ léjìká, tí ó sì kí Dáhùnsí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni Dáhùnsí máa ń wò, bóyá epo ti ń yọ níbẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó di ìdí odò.

"Ìyá, mo fẹ́ kí ìpín àwa oníbodè ga lọ́dún yìí."

"Kí ó ga ju ti ta ni lọ?"

Ìyá arúgbó dá ifá, ó ní:

"Ire ni mo rí. Ìfikún ń bọ̀, yóò sì kárí. Ṣùgbọ́n ẹbọ ni kí o rú. Gún iyán, fi iyọ̀ tí ọba fún ọ se ọbẹ̀. Orí ara rẹ ni kí o fi rù ú dé ilé Àwẹ̀ró, kí ẹ jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan ṣoṣo, kí o sì bèèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí. Bí o bá dé iwájú ọba, dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, má dárúkọ ìpín rẹ̀. Èèwọ̀ rẹ nìyẹn."

"Òbúkọ ńkọ́, ìyá? Mo lè mú òbúkọ wá."

"Òbúkọ kò jowú ẹnikẹ́ni."

"Bí ó bá jẹ́ méjì ńkọ́?"

"Máa lọ sílé, Dáhùnsí."

Ó ń lọ, ó ń pòṣé. Òun tí àjèjì kò lè wọ ìlú láìjẹ́ pé ó gbójú sókè wo òun, kí òun wá máa ru iyán kiri nítorí agbálẹ̀! Ó pe awo ní èké, ó pe ẹbọ ní ọgbọ́n àtijẹun.

Kò pẹ́ sí i ni Àwẹ̀ró yọ ní bodè pẹ̀lú àwo ńlá lórí.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Oníbodè. Iyán rèé. Wọ́n ní kí n wá bá yín jẹ ẹ́."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá ìdí odò ni. Èmi náà kò gbádùn láti èṣí. Ẹ̀yin ń jókòó lábẹ́ òrùlé, gbogbo ayé ń kí yín. Èmi ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin. Ẹ wá tún gba iyọ̀ lé e! Ọbẹ̀ ilé mi tẹ́ lẹ́nu mi pátápátá."

Inú Dáhùnsí tutù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti èṣí. Ẹnìkan ń jowú òun! Ohun tó dùn tó báyìí, ta ni yóò jẹ́ kí ó tán? Bí wọ́n bá jọ jẹun, owú obìnrin yìí lè rọlẹ̀. Ó ní òun ti yó. Ó kẹ̀yìn sí àwo, ṣùgbọ́n kí ó tó kẹ̀yìn, ó ti rí i pé ọbẹ̀ náà pupa lóòótọ́.

Láoyè, igbákejì rẹ̀, jókòó ti àwo. Ó wẹ ọwọ́. Àwọn oníbodè yòókù tẹ̀lé e. Bí àwọn àti Àwẹ̀ró ti ń bu òkèlè ni wọ́n ń sọ ìyà iṣẹ́ wọn fún ara wọn, títí àwo fi mọ́. Dáhùnsí dúró sí ọ̀ọ́kán, ó ń gbé itọ́ mì.

Ọjọ́ ìbéèrè pé. Dáhùnsí ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, kí ni agbálẹ̀ ń ṣe? Ewé ni wọ́n ń gbá, bó bá di ọ̀la, ewé á tún já bọ́. Ẹ gba epo lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fún wa. Èmi Dáhùnsí kò ní gba ìpín kan náà pẹ̀lú agbálẹ̀ láéláé. Bí mo bá gbà á, kí ilẹ̀ yìí mú mi!"

Ọba ní, "O ti sọ ti agbálẹ̀. Sọ ti bodè fún mi."

Dáhùnsí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ epo àwọn agbálẹ̀ náà ni ó tún jáde. Láti èṣí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró ni ó ń wò, kò wo òrùlé tí ń jò sórí ara rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, òjò ń pa àwọn oníbodè nínú ilé. Ẹni tí òtútù ń mú kò lè dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò."

Láoyè dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, eruku ìlú ti wọ àwọn agbálẹ̀ láyà. Wọ́n ń wúkọ́ sùn, wọ́n ń wúkọ́ jí."

Ọba wo olùtọ́jú àká, ẹni tí ń bá a fèsì fún àwọn tó ń bèèrè. Ọkùnrin náà ti to èsì sílẹ̀ de ẹni tí yóò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, kò ní èyí tí yóò fún ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọba bá pàṣẹ kí wọ́n fi epo, iyọ̀ àti iṣu kún ìpín oníbodè àti agbálẹ̀, kí ó dọ́gba.

Dáhùnsí gbé agbọ̀n dé ẹnu àká. Olùtọ́jú àká na ọwọ́ dí i.

"Bàbá, ìpín kan náà mà ni o. Ilẹ̀ ń gbọ́."

Ó wo ilẹ̀. Ó wo epo. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ òfìfo padà sílé. Láti ìgbà náà, ti Láoyè ni ọbẹ̀ tí ó pupa jù lójú rẹ̀.

Ẹni tí ó gbé ẹbọ rù ń jẹ àjẹyó. Ẹni tí ó fi awo ṣẹ̀sín kábàámọ̀, ojú ni ó fi ń jẹun.

Ibi tí mo ti fi tèmi kún un ni pé ọba gbà ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ní iṣu tuntun di ògbólógbòó, wọ́n tún kó òmíràn wọlé, kí ọba tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìbúra Dáhùnsí, n kò fi ọwọ́ kàn án.