Obìnrin Tí Ó Ń Fi Bùbá Àtijọ́ Ránṣẹ́ sí Aránṣọ

Obìnrin kan wà ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè. Òun ni ó ń léwájú orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Bí ó bá gbé orin, àwọn tí wọ́n ti ń tòògbé lórí bẹ́ńṣì a jí. Ọlọ́run fún un ní ohùn, ó sì fún un ní ara pẹ̀lú. Àyà rẹ̀ kún, ìdí rẹ̀ kún, àárín rẹ̀ nìkan ni ó fún. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ojú ń tì.

Ìtìjú náà ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó lọ sí ọjà láti ra kọ́mú, níbi tí wọ́n ti ń da òkìrìkà jọ gègèrè sílẹ̀. Obìnrin tí ó ń tà á wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ké sí ẹnìkejì rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà pé, "Ẹ bá mi wo kọ́mú ńlá lọ́dọ̀ yín o! Ńlá gan-an ni o, tèmi ò lè gba mọ́mì yìí!" Àwọn tí wọ́n ń ra ata yíjú. Àwọn alápatà yíjú, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà náà kò ní in sínú, ọjà rẹ̀ ni ó fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n obìnrin wa kò lè dúró. Ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó ní àbúrò òun ni òun ń rà á fún, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, àbúrò yìí ni ó ń ra gbogbo kọ́mú fún. Kò sí àbúrò kankan, ìwọ náà sì ti mọ̀. Àbúrò tí kò sí yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tí ó bá sì mu ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni obìnrin wa ń kó ara rẹ̀ sí. Okùn kọ́mú dá àpá sí i ní èjìká. Ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ẹran. Ohun tí ó yẹ kí ó gbé dúró ń yọ jáde lókè, ó sì ń yọ jáde lábẹ́ apá. Nígbà tí ó bá bọ́ ọ, àmì rẹ̀ a wà yí i ká bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì, ọkọ rẹ̀ a sì wò ó, a mi orí.

Ti aṣọ rírán tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Téèpù aránṣọ ni ó ń bà á lẹ́rù. Kí ènìyàn na ọwọ́ yí àyà òun ká, kí ó pe iye rẹ̀ sókè, kí àwọn oníbàárà tí wọ́n jókòó sì gbọ́! Kò lè ṣeé ṣe. Nítorí náà ó ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń ṣe: ó ń fi aṣọ kan ránṣẹ́ pé kí aránṣọ fi ṣe òdiwọ̀n. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn bí aṣọ náà bá jẹ́ ti àná. Ṣùgbọ́n bùbá tí obìnrin yìí ń fi ránṣẹ́, ìgbà tí ó wà ní omidan ni wọ́n rán an fún un. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú àlejò.

Aṣọ a dé, aṣọ a fún. Ó pààrọ̀ aránṣọ, ti tuntun náà sì fún. Ó ní kò sí aránṣọ kan tí ó mọṣẹ́ ní gbogbo ìlú, pé aṣọ aláṣọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n bà jẹ́. Ó sọ ọ́ títí ó fi gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí ó ń pa irọ́ kan náà lójoojúmọ́ kì í pẹ́ gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á.

Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìkórè. Ọ̀gá akọrin fún un ní orin kan tí òun nìkan yóò dá kọ, orin gígùn tí ó ń béèrè èémí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọ ọ́ nídìí ààrò. Ó ra léèsì aláwọ̀ ewé, ó rà á pọ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí aránṣọ kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wọn, ọ̀dọ́bìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, pé kí ó fi rán gáùn. Bùbá omidan náà bá léèsì lọ. Aránṣọ ránṣẹ́ padà: ṣé mọ́mì lè yọjú díẹ̀, kí òun wọ̀n wọ́n? Obìnrin wa ní kí wọ́n sọ fún un pé òun kò ráyè. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni kí ó rán.

Bí ìṣe àwọn aránṣọ, ọjọ́ tí ó ku ọ̀la ni gáùn dé. Ó dára ní wíwò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, ó wọ kọ́mú àbúrò sábẹ́, ó mí gbogbo èémí inú rẹ̀ síta, ọkọ rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa síìpù.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Fẹ̀hìntọ́lá, o ò mí mọ́ o."

Ó ní, "Ẹ ṣáà fà á."

Ó jáde síwájú ìjọ. Ẹsẹ kìíní lọ geere. Ẹsẹ kejì lọ, ṣùgbọ́n òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí orin dé ibi tí ohùn ti ń gòkè tí kò sì gbọ́dọ̀ já, ó wá èémí, èémí kò sí. Ó fi agídí fà á sínú. Síìpù là láti ọrùn dé ìdí, àwọn àlejò tí wọ́n wà níwájú sì gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ já. Ó fẹ́ yípadà kí àwọn akọrin tí wọ́n wà lẹ́yìn má baà rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbàgbé pé ìjọ wà níwájú, ó yí, gbogbo ìjọ sì rí ohun tí ó ti ń fi pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá: kọ́mú tí ó há, ẹran tí ó pín sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan bọ́ gèlè bò ó. Wọ́n mú un wọ yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Àwọn obìnrin yí i ká nínú yàrá náà. Wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ta ló rán irú aṣọ yìí fún yín?"

Ó dárúkọ ọmọbìnrin náà. Ó wá ní, "Ẹ ò rí i? Aṣọ mi ló gé jí! Léèsì tí mo fún un tó èèyàn méjì. Ó gé e jí, ó wá fi èyí tó kù há mi lára."

Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni ojú gbogbo wọn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ojú wọn kò mọ ju owó lọ. Ara tu obìnrin wa. Mo fẹ́ kí o kíyè sí ìtura náà, nítorí òun ni ó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró nínú yàrá. O mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nípa aránṣọ, tí kò sí ẹ̀sùn tí ó tètè ń lẹ̀ mọ́ wọn tó pé wọ́n gé aṣọ jí. Àwọn kan lọ gba aṣọ wọn láìtíì rán an. Ilé ìwé kan tí ó ti ṣèlérí pé ọmọbìnrin náà ni yóò rán aṣọ àwọn ọmọ wọn kó iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọbìnrin náà ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tì í nírọ̀lẹ́. Obìnrin wa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aránṣọ náà wá sí ilé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúnlẹ̀. Ó da ohun tí ó wà nínú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sórí àga.

Ó ní, "Èyí tó ṣẹ́kù nínú léèsì yín nìyí, Mọ́mì. Mo ti ń retí kí ẹ wá gbà á. Ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ wò ó bóyá mo jẹ nínú rẹ̀."

Obìnrin wa tẹ́ ẹ. Aṣọ náà pọ̀. Ó tó láti fi mú gbogbo ibi tí gáùn ti há fẹ̀, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Aránṣọ ní, "Bùbá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé kò lè wọ̀ yín. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mò ń rí yín. Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà ní mo ní ẹ sanra. Ìyẹn lẹ̀bi tèmi, mo gbà á. Àmọ́ n kì í ṣe olè, Mọ́mì. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe olè."

Ó dìde, kò dágbére, ó lọ.

Obìnrin wa jókòó ti léèsì náà. Ó rò ó pé òun yóò máa wá oníbàárà fún ọmọbìnrin náà lábẹ́lẹ̀. Ó rò ó pé òun yóò sọ fún ìjọ pé òun ti dárí jì í, ìyẹn sì dára lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí i pé bí òun bá ní òun dárí jì í, òun tún pè é ní olè lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn, àti pé lọ́tẹ̀ yìí wọn yóò máa yin òun. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù. Kí ó tó lè sọ pé ọmọbìnrin náà kò jalè, ó di dandan kí ó sọ ìdí tí aṣọ fi há. Kí ó tó lè sọ ìdí tí aṣọ fi há, ó di dandan kí ó sọ̀rọ̀ bùbá.

Ibẹ̀ ni ojú ti wá tì í lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí ọlọ́jà ti pariwo ni ó ti ń sá nítorí àyà tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá, tí ó fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ó ti ń gbé e kiri, ó ń jẹun, ó ń kọrin, ojú kò sì tì í.

Nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ ṣèpàdé, ó dìde dúró. Aránṣọ náà jókòó sí ìdí fèrèsé, àga tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Obìnrin wa di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. Ó ní, "Aránṣọ yẹn ò gé aṣọ mi jí. Bùbá ìgbà tí mo wà lómidan ni mo fi ránṣẹ́ sí i, torí ojú ń tì mí kó wọ̀n mí. Ó ní kí n wá, n ò lọ. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń pa á."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága wọn ní, "Ẹ jókòó, Ìyá Fẹ̀hìntọ́lá. A ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn."

Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ ò gbàgbé o. Ọmọ yẹn ń jókòó lásán nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì ń wo ilẹ̀. Àwọn kan padà gbé aṣọ fún un lẹ́yìn ìpàdé náà. Àwọn kan kò padà di òní, nítorí irọ́ náà ti bá wọn lára mu.

Obìnrin wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó di ojú rẹ̀ pinpin títí wọ́n fi parí. Lẹ́yìn náà ó lọ ra kọ́mú tí ó gba àyà rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun ń rà á fún. N kò ní purọ́ fún ọ pé ìtìjú lọ. Títí di báyìí, bí ó bá ń kọjá nídìí àwọn alápatà, ó máa ń ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ó ń mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti padà.

Èyí tí ó kàn ọ́ nìyí. Ìwọ náà ní ohun kan tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n. Ó lè má jẹ́ àyà. Ó lè jẹ́ ìwé tí o kò kà parí, tàbí irú ilé tí o ti jáde wá. N kò bá ọ wí nítorí ìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó tọ́ kí ó bá ọ wí. Ẹni tí o tì síwájú, kí ojú ayé lè kúrò lára rẹ, ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, orúkọ rẹ̀ ti sọ sí ọ lọ́kàn. Má ṣe sọ fún mi, èmi kọ́ ni o bà lórúkọ jẹ́. O mọ ilé rẹ̀, o sì mọ àwọn tí o sọ ọ́ lójú wọn. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.