Páìpù Èéfín Tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ṣe fún Ẹtu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kò tíì kún. Ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn náà, ẹ dáhùn. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi gbéra pẹ̀lú ariwo, ó gba ojú ọ̀nà tààrà, ó kọ lu Ẹtu, ó kọ lu Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu Àmọ̀tẹ́kùn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa ọkọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ mú nílùú wọn. Gbogbo odò gbẹ. Ìsun omi kan ṣoṣo ló kù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jà níbẹ̀. Ìjà náà sú Erin tó jẹ́ olórí wọn. Ó fi ọgbà yí omi náà ká, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ní kí wọ́n sá eré ọkọ̀. Eré náà kò gùn rárá, láti ìdí igi àràbà dé ẹnu ìsun omi ni, ọ̀nà tó tọ́ bí okùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, òun ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀.

Ẹtu ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé. Òùngbẹ ti jẹ́ kí ètè wọn máa bó. Ó ní ọkọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó yára. Àmọ̀tẹ́kùn náà ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tóbi débi pé bó bá dún, ewé a máa já lórí igi. Àwọn ẹranko tó kù wo ọkọ̀ méjèèjì yìí, wọ́n ní àwọn ò bá wọn du nǹkan kan.

Wàhálà Ẹtu ni pé páìpù tó ń gbé èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti lu. Kò sì sí wẹ́dà mìíràn nílùú ju Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ. Ẹtu kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Ó wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ hàn. "Mo ti ń retí yín."

Kò wo ẹ́ńjìnnì. Kò béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ó kàn fa páìpù kan jáde, ó fẹ̀ bí itan màlúù.

"Ṣé èyí ò tóbi jù?" ni Ẹtu béèrè.

"Ó tóbi jù kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ àtèyí tó há, èwo lèrò ń tètè gbà jáde? Bí èéfín bá ṣe ń ráyè sí i, bẹ́ẹ̀ lọkọ̀ ń sáré sí i."

Ló bá gbé irin wẹ́dà rẹ̀, ó ń jó ẹnu páìpù náà, ó ń fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

*Páìpù ńlá, eré ńlá,*
*Gbìrìgìdì!*
*Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré,*
*Gbìrìgìdì!*
*Ẹ̀yìn ni yóò máa wò wá,*
*Gbìrìgìdì!*

Bó ṣe ń kọrin, ojú Ẹtu ń ṣiṣẹ́. Ó rí páìpù mìíràn lórí tábìlì, tín-ín-rín báyìí.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ti Àmọ̀tẹ́kùn ni."

"Ẹ́ńjìnnì ràbàtà yẹn? Páìpù bíńtín yìí?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí yín ni. Àánú àwọn ọmọ yín ń ṣe mí. Mo fẹ́ kí èéfín há ọkọ̀ rẹ̀ lọ́fun. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ẹtu dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń rò ó pé: ẹni tó lè ba ti Àmọ̀tẹ́kùn jẹ́ nítorí mi, kí ni kò lè ṣe sí tèmi nítorí Àmọ̀tẹ́kùn? Bó ṣe ń yí ọkọ̀ padà, ó tún rí ọkọ̀ kẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

"Ọkọ̀ ta nìyẹn?"

"Ó ti kú tipẹ́. Irin lásán ni."

Ṣùgbọ́n tuntun ni táyà ọkọ̀ náà, ó ń dán. Ta ní ń ra táyà tuntun fún irin lásán?

Nígbà tí Ẹtu dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sílé rẹ̀, ọkọ̀ tó máa ń fò gùn ún tẹ́lẹ̀ ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sí ẹnu páìpù. Èéfín ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ páìpù àtijọ́ a máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ni.

Ẹtu lọ sídìí ààrò. Ó já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó fi fẹ́ eérú. Eérú fọ́n ká. Ó wá mú ọparun tó fẹ̀, ó fi fẹ́ ẹ. Eérú kò mira. Èémí kan náà ni! Ó yé e wàyí. Èéfín ẹ́ńjìnnì kékeré gbọ́dọ̀ yára jáde, kó lè fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ra. Bí àyè bá pọ̀ jù, yóò máa rìn gbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré yí ilé ká títí ó fi ń mí hẹlẹ, ó ki ọ̀pá ìbẹ́pẹ bọ ẹnu pé kó máa gba ibẹ̀ mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Bó ṣe máa ṣe ọkọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti de páìpù Àmọ̀tẹ́kùn mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tán, Ẹtu wa ọkọ̀ tirẹ̀ kọrí sílé Àmọ̀tẹ́kùn. Kòtò jíjìn kan wà níwájú ilé náà. Ẹtu dúró sí òdìkejì.

"Bàbá Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ kú ìjókòó o."

"Ìwọ Ẹtu! Ẹ̀rù mi ò bà ọ́ ni?"

"Ó bà mí. Ìdí tí mo fi dúró síbí nìyí. Kí ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ fún yín nípa páìpù yín?"

Àmọ̀tẹ́kùn fajú ro. "Ta ló rán ọ?"

"Òùngbẹ àwọn ọmọ mi ni."

Àmọ̀tẹ́kùn dá a lóhùn. "Ó ní tín-ín-rín ló dáa, pé èéfín á jáde bí ọfà. Ó ní òun ṣe ràgàjì fún ìwọ, kí o má lè ṣí lójú kan. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Báwo lọkọ̀ yín ṣe ń ṣe?"

"Ó ń gbéra. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n dì nímú."

Ẹtu sọ ti ọkọ̀ kẹta fún un. Ó ní, "Ó fẹ́ kí n kú sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin kú sí ìparí, kí òun wá gba àárín wa kọjá. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ páìpù. Ẹnu ẹ́ńjìnnì wa dọ́gba, inú ni kò dọ́gba."

"Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lò ń tàn mí?"

"Ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀ bóyá ẹ ò ní pa mí jẹ bí mo bá kọjá kòtò yìí. Ẹni tó bá borí nínú wa, kí ilé méjèèjì jọ máa mu omi."

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn gbé pákó lé kòtò, Ẹtu wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹtu ń tú nọ́ọ̀tì, ojú rẹ̀ ń bẹ lára èékánná Àmọ̀tẹ́kùn. Àmọ̀tẹ́kùn ń tú tirẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ lára sípánà ọwọ́ Ẹtu. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ tán, Ẹtu ta ọkọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà. Fìrìrì! Àfi bí ìgbà tí ẹyẹ gbéra. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró, ó rí ìrù pupa kan nínú igbó, tó ń sá lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti rí i! Ẹtu ń bi ara rẹ̀ pé, kí ni yóò tún ṣe sí wa?

Ọjọ́ eré pé. Ọkọ̀ mẹ́ta ló dúró nídìí àràbà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jókòó sínú ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Páìpù abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ehoro lè bímọ síbẹ̀.

Erin fọn fèrè kí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹtu fò síwájú. Àmọ̀tẹ́kùn tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ńlá náà ń mí dáadáa, ó ń le, ó ń le, ó lé e bá, ó fi imú lásán ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu omi.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ńkọ́? Ìdí àràbà ló wà. Ọkọ̀ rẹ̀ ń ké gbọ̀ọ̀ọ̀, ó wọ́ bí ìgbín díẹ̀, ó kú.

Ló bá bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo lójú gbogbo ayé: "Ẹtu! Páìpù ńlá tí mo ṣe fún ọ ni mo rí tó ń fò lójú ọ̀nà! Mo ti ṣe èyí tó bá ọkọ̀ mi mu, mo gé e dànù nítorí ìyẹn!"

Erin wò ó. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ṣé o mọ èyí tó bá ọkọ̀ mu tẹ́lẹ̀ ni?"

Eré ọkọ̀ Ẹtu nìkan ló rí láti inú igbó, kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ páìpù. Irọ́ tó pa fún Ẹtu, òun fúnra rẹ̀ ló wá gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ẹtu kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, ó sá pamọ́ sẹ́yìn igbó. Ṣé Àmọ̀tẹ́kùn á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ? Àmọ̀tẹ́kùn ṣí ọgbà. Kò pè wọ́n. Ó lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí Ẹtu ti lè máa rí i, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àwọn ọmọ mu omi yó.

Nígbà tó yá, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà yọjú, ahọ́n rẹ̀ gbẹ. Àánú rẹ̀ ṣe Ẹtu. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e fún un.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbóòórùn rẹ̀. "Kí lẹ fi sí i?"

"Omi ni."

"Ẹ kọ́kọ́ mu ún."

Ẹtu mu.

"Bóyá ẹ ò gbé e mì."

Àmọ̀tẹ́kùn wá, òun náà mu. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo ojú àwọn méjèèjì, ó ń fà sẹ́yìn. "Ẹ ti gbìmọ̀ pọ̀," ló wí. Ó fi omi tútù sílẹ̀ nínú igbá, ó wọ igbó lọ, ó ń wá ìrì tí yóò lá lára ewé.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, bí ara bá ń fu yín sí nǹkan, ẹ dán an wò, ẹ sì béèrè, bí Ẹtu ti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò gbé omi mímọ́ síwájú rẹ̀, tí kò sì ní lè mu ún.