Ìdí Tí Ìgbín Kì Í Fi Í Dáhùn Àgò Nígbà Ọyẹ́

Eṣinṣin ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé etí Ìyá Ìgbín.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kò tíì gbọ́? Ọyẹ́ ti gbéra nílé o! Gbogbo ojú mi yìí ni mo fi rí i. Ó ti di ẹrù rẹ̀."

Nígbà láéláé lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìgbín kò tíì ní ilẹ̀kùn. Ó ní ilé lẹ́yìn bó ṣe ní in lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu tọ̀sán-tòru. Òwú aláǹtakùn náà kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan nígbà náà. Aṣọ lásán ni, ó gbẹ, ó mọ́, eṣinṣin a sì máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹní.

Òkè àríwá ni Ìyá Ìgbín ń gbé, níbi tí igbó ńlá ti tán tí pápá ti bẹ̀rẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹnu gbé irúgbìn òdòdó láti inú igbó olómi wá síbẹ̀. Ó wọ́ títí, ó gbìn wọ́n sẹ́yìn àpáta kan. Wọn kò tíì tanná tí Ọyẹ́ fi dé, tó mú kí bàbá náà gbẹ mọ́nú ìkarahun rẹ̀.

Òdòdó mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀: Lílì funfun, Ìdò pupa, àti Tannápoṣó kékeré tí ojú máa ń tì. Kò sẹ́ni tó ń jẹ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń tà wọ́n. Wọ́n kàn rẹwà ni. Bí aládùúgbò bá béèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe, Ìyá Ìgbín a ní, "Ṣé gbogbo nǹkan lèèyàn ń jẹ ni?" A sì kẹ̀yìn sí i.

Ní gbogbo òkè àríwá, kò sí òdòdó mìíràn. Bí mẹ́ta yìí bá kú, ó parí nìyẹn.

"Ìgbà wo ni yóò dé?" Ìyá Ìgbín bi Eṣinṣin.

"Èmi kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ètè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó àwọn ará òkè odò."

Ìyá Ìgbín yíjú sí àwọn òdòdó rẹ̀. Ó wo Lílì, ó wo Ìdò, ó wo Tannápoṣó. Ewé wọn ṣì tutù. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà ti ń le. Kò dúró dágbére fún Eṣinṣin. Ọ̀dọ̀ Baba Aláǹtakùn, tó ń hun aṣọ tó sì ń tà á láwìn, ló forí lé.

Baba Aláǹtakùn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò gbójú sókè.

"Aṣọ ni mo wá rà, Baba," ni Ìyá Ìgbín wí.

"Ìwọ! Kí lo fẹ́ fi aṣọ ṣe? Ṣé o fẹ́ dá agbádá fún ìkarahun ni?"

"Mo fẹ́ fi bo òdòdó mi ni. Ilé ni mo fẹ́ kọ́ fún wọn. Aṣọ yín fẹ́lẹ́, oòrùn á gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá hun ún dáadáa, Ọyẹ́ kò ní gbà á kọjá."

Baba Aláǹtakùn dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó fi aṣọ rẹ̀ ṣe irú ẹ̀ rí. "Kí lo fẹ́ fi san án?"

"Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́, kí n gbọ́."

Baba Aláǹtakùn wo ilẹ̀ ibi tí Ìyá Ìgbín gbà wọlé. Omi ara rẹ̀ wà nílẹ̀ bẹẹrẹ, ó ń dán, ó ń yọ̀, èèrà kan sì ti há sínú rẹ̀ tó ń jà pìtìpìtì.

"Ahá kan omi yẹn ni mo fẹ́. Kó kún dé etí. Ojoojúmọ́ ni Eṣinṣin ń rìn lórí aṣọ mi, tó ń fi mí ṣẹ̀sín pé kí n tẹ́ ẹ kó gùn sí i. Bí mo bá fi omi yẹn pa òwú mi, a ó mọ ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín."

"Ahá kan ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdajì."

"Ahá kan."

"Ìdajì, kí n fi díẹ̀ lé e."

"Ìyá Ìgbín, Ọyẹ́ ń bọ̀. Ìwọ lo ń yára, èmi kò yára."

Ó gbà. Kí ni kò bá tún ṣe? Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ bá là.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o," ni Baba Aláǹtakùn wí, bó ti ń ká aṣọ náà fún un. "Bí mo bá dé tí o kò bá san án, òṣó ni n ó ló sẹ́nu ọ̀nà rẹ. N kò ní dìde, n kò ní jókòó, títí n ó fi gba nǹkan mi."

Ìyá Ìgbín tẹ ẹ̀ka igi ẹmì kọrọdọ, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí òdòdó rẹ̀ ká, ó ta aṣọ lé wọn lórí. Ó fi ilẹ̀dú di gbogbo etí rẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀nà kékeré kan sílẹ̀, aṣọ ló sì fi ṣe ilẹ̀kùn ibẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, inú ilé náà a móoru. Èémí àwọn òdòdó a sì kóra jọ sára aṣọ, a máa kán padà sílẹ̀ tó, tó, tó.

Ọyẹ́ dé. Pápá pọ́n, igi wọ́wé, ilẹ̀ là. Ṣùgbọ́n nínú ilé òdòdó, Lílì yọ orí. Ìdò ga sí i. Tannápoṣó nìkan ló di ojú pinpin.

"Là, ọmọ mi," ni Ìyá Ìgbín ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń gbọ́ ẹnì kan níta tó ń rìn yí wa ká."

Ìyá Ìgbín náà ń gbọ́ ọ. Fìì, a lọ. Fìì, a bọ̀. Ọyẹ́ ń fọwọ́ pa aṣọ náà káàkiri, ó ń wá ibi tó ya.

Ọjọ́ kan ni Eṣinṣin wá, tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wọlé kóun yá oòrùn díẹ̀.

"Kí o lè yé ẹyin sórí òdòdó mi? Wá ibòmíràn lọ, ẹlẹ́sẹ̀ ìdọ̀tí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Eṣinṣin. Ó fò tààrà lọ bá Ọyẹ́.

"Bàbá, ẹ kàn ń yọ ara yín lẹ́nu ni. Kí lẹ ń wá ihò sí? Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ Ìyá Ìgbín. Bí ẹnikẹ́ni bá kágò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò lè ṣe kó má dáhùn. Bó bá sì ti dáhùn, ó ti fún un láyè nìyẹn."

Ọyẹ́ rẹ́rìn-ín. Ètè àwọn ewúrẹ́ tó wà nítòsí bó.

Lílì là ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó funfun, ó tóbi, inú Ìyá Ìgbín ì bá dùn. Ṣùgbọ́n kó tó mí kanlẹ̀, Baba Aláǹtakùn ti dé pẹ̀lú ahá lọ́wọ́. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbọ́ pé òdòdó ti là. Mo kú oríire. Ahá mi dà?"

Ìyá Ìgbín tẹ ara rẹ̀, ó fún un sínú ahá. Ọyẹ́ ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ohun tó jáde kò bo ìsàlẹ̀ ahá.

"Ẹ ní sùúrù, Baba. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀."

"Òjò? A kò dárúkọ òjò nínú ọ̀rọ̀ wa. Bí kò bá sí omi, n ó ká aṣọ mi."

"Ẹ máà ká a! Ẹ máà ká a, mo bẹ̀ yín. N ó tún gbìyànjú."

Ó wọ inú ilé òdòdó lọ, ó ń fún ara rẹ̀. Bó bá fún un jù, òun náà á gbẹ bí ọkọ rẹ̀. Bí kò bá fún un tó, aṣọ á lọ, òdòdó á kú. Orí rẹ̀ ń hó. Gbogbo ìrònú rẹ̀ kò ju kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà má bínú lọ.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan.

"Àgò onílé o!"

Ó rò pé Baba Aláǹtakùn ni. Ẹni tó jẹ èèyàn ní gbèsè kò gbọ́dọ̀ tún rí i fín.

"Àgò yà!" ló fi dáhùn.

Ọyẹ́ wọlé.

Kò pariwo. Ó kàn rìn kọjá láàárín wọn ni. Lílì gbẹ lórí ìdúró. Ìdò ká kò, ó fọ́ bí ìwé. Aṣọ Baba Aláǹtakùn ya láti òkè dé ilẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e lọ.

"Ta ló ní kí o wọlé?" ni Ìyá Ìgbín kígbe.

"Ìwọ ni," ni Ọyẹ́ wí. "Mo kágò, o dáhùn."

Tannápoṣó nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí pé ó di ojú rẹ̀. Òun náà sì ti ń rọ. "Ìyá mi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ gba ọmọ mi." Ó ju èso kan sílẹ̀, dúdú, kékeré bí iyèré.

Ìyá Ìgbín fi ẹnu he èso náà. Ó fa àkísà aṣọ kan ṣoṣo tó kù sílẹ̀, ó wọnú ìkarahun rẹ̀ lọ, ó fi aṣọ náà dí ẹnu ọ̀nà. Omi yíyọ̀ tó kù lára rẹ̀ ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pa. Òkùnkùn ṣú.

"Àgò o!" Ohùn Baba Aláǹtakùn ni. "Ahá mi, Ìyá Ìgbín!"

Kò dáhùn. Ta ló mọ̀ bóyá òun ni, bóyá òun kọ́?

"Àgò o! Ẹ wá gbọ́ ìròyìn!" Ohùn Eṣinṣin ni.

Kò dáhùn.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn kan wá rọra dé etí aṣọ náà gan-an.

"Àgò, ìyàwó mi. Èmi ni. Mo ti dé. Ọ̀nà jìn. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ náà ló fà á. Ìyá Ìgbín sún mọ́ etí aṣọ náà. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ là. Ṣùgbọ́n èso òdòdó wà lẹ́nu rẹ̀, bó bá là á, á jábọ́. Ó pa ẹnu mọ́. Ó sunkún láìlómi lójú.

Ohùn náà pè é títí, ó sú u, ó di fìì, ó lọ.

Báyìí ni Ìyá Ìgbín ṣe gbé inú ilé ní gbogbo ìgbà Ọyẹ́. Kò jẹ, kò mu, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn tó ń kọjá ní ó ti kú tàbí ó ti sá. Àwọn mìíràn ní ó ti ya aláìmọ̀wàáhù. Baba Aláǹtakùn nìkan ni kò kọjá. Ó lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú ahá rẹ̀.

Nígbà tó yá, ohun kan kanlẹ̀kùn lórí ìkarahun. Kò kágò. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ó kàn ń kan ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: pá, pá, pápápá. Ìyá Ìgbín tẹ́tí. Òórùn ilẹ̀ tútù gba etí aṣọ wọlé.

Òjò ni!

Ó ti aṣọ náà ṣí, ó yọ orí. Omi wọ̀ ọ́ lára títí ó fi wú. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó pọ èso náà sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta, ó fi ilẹ̀dú bò ó. Lẹ́yìn náà ló yí ojú, tó rí ẹni tó lóṣòó ti ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò, kò nà mọ́.

"Ẹ kú ìdúró, Baba."

"Wọ́n ní o ti sá."

"Níbo ni n ó sá lọ, pẹ̀lú ilé lórí? Ẹ gbé ahá yín wá."

Ó fún ara rẹ̀. Ahá náà kún dé ìdajì. Ó tún fún ara rẹ̀, ó kún dé etí.

"Aṣọ mi tó ya ńkọ́?"

"Ẹ máa gbé e dání." Ó fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí omi náà fi ṣàn kọjá etí ahá sí ọwọ́ Baba Aláǹtakùn. "Èènì nìyẹn, fún aṣọ tó ya. Àkísà tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, n kò ní dá a padà."

Baba Aláǹtakùn fi omi náà pa òwú rẹ̀. Kò tíì pa á tán tí Eṣinṣin fi fò dé.

"Ìyá Ìgbín! Ẹ kò tíì gbọ́..." Ó bà lé òwú náà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan, kò gbé e. Ó fẹ́ gbé èkejì.

"Sọ ọ́, à ń gbọ́," ni Baba Aláǹtakùn wí.

Láti ọjọ́ náà ni òwú aláǹtakùn ti ń lẹ̀, tí aláǹtakùn fúnra rẹ̀ sì ń lóṣòó sí igun ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíká. Láti ọjọ́ náà ni Tannápoṣó kì í là lójú ọ̀sán, àfi bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tó bá rí i pé àlejò ti lọ tán. Lílì àti Ìdò kò hù mọ́ lẹ́yìn àpáta yẹn. Láti ọjọ́ náà sì ni ìgbín ti ń fi aṣọ funfun dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí Ọyẹ́ bá ti dé. Ẹ kágò títí, kò ní dáhùn. Ẹ má pè é ní aláìmọ̀wàáhù. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́: Baba Aláǹtakùn ti wo inú ahá rẹ̀, ó ti ní, "Ó pé."